Bí Wọn Ò Bá Sá, Ṣé A Ò Pa Wọ́n Lára Ni?

Bàbá Ìbejì ló kọ̀wé sí mi láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan ní Kútọnù. Ọdún méjì rèé tí wọ́n ti ń fi gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ sójú agbami láti oṣù August títí di October, kí wọ́n lè wo àbùùbùtán abuké, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní baleine à bosse, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní humpback whale. Ní báyìí wọ́n ń wá owó ọkọ̀ kejì, àwọn tó fẹ́ yá wọn lówó sì ní kí wọ́n mú ìwé wá tó ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe fún àyíká. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: "Àwọn ẹran omi yìí kì í sá fún wa. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn. A kì í da ìdọ̀tí sókun, a kì í sì fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣé èyí ò tó ẹ̀rí pé a ò pa wọ́n lára? Tí kò bá tó, báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ìpalára tí ojú ò rí?"

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu òkun. Ìdáhùn sí apá kìíní kò gùn: rárá, kò tó ẹ̀rí. Èyí tó dúró ti ọkọ̀ yín kò lè jẹ́rìí fún èyí tó ti lọ. Apá kejì ló gùn. Inú mi dùn pé kí ẹ tó ra ọkọ̀ kejì lẹ ti béèrè, torí ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbà tí ọkọ̀ ti kún ojú omi tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Shark Bay, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Dọ́lífìnì ni wọ́n ń wò níbẹ̀, kì í ṣe àbùùbùtán, ṣùgbọ́n n kò mọ ibòmíì tó dáhùn ìbéèrè yín tààrà bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn olùwádìí ti ń tẹ̀lé dọ́lífìnì ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpá àti gígé tó wà lára lẹbẹ ẹ̀yìn wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, bí àwọn àgbà ṣe ń fi ilà ojú mọ ọmọ ìlú. Wọ́n mọ ìyá, wọ́n mọ ọmọ, wọ́n mọ ibi tí kálukú ti ń jẹun. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ afẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wọn, ìwé ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọkọ̀.

Ní 2006, Lars Bejder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde jáde. Wọ́n pín àkókò sí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọdún mẹ́rin àbọ̀: ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní ìwé àṣẹ láti gbé èrò, ìgbà tó jẹ́ ẹnì kan, àti ìgbà tó di ẹni méjì. Wọ́n sì mú ibi méjì tó fẹ̀ bákan náà, tó sún mọ́ra: ọ̀kan jẹ́ ojú ọ̀nà ọkọ̀ afẹ́, èkejì kì í ṣe ojú ọ̀nà wọn. Láti òdo sí ẹnì kan, kò sí ìyípadà tí ojú lè rí. Láti ẹnì kan sí ẹni méjì, iye dọ́lífìnì tó ń lo ibi tí ọkọ̀ afẹ́ ń lọ dín kù ní ìdá 14.9 nínú 100, bíi ẹyọ kan nínú méje. Ní ibi kejì, wọn ò dín kù.

Ẹ̀yin náà ti rí ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: ẹnì kan tó fẹ́ di méjì.

Apá kan tún wà nínú iṣẹ́ wọn tí mi ò lè gbàgbé. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ sún mọ́ àwọn dọ́lífìnì ní ibi méjèèjì láti wo ìṣe wọn, àwọn tó wà níbi tí ọkọ̀ afẹ́ kì í dé ló bẹ́ sọ́tùn-ún bẹ́ sósì jù. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ká ní ẹnì kan tó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì péré ló rí èyí ni, ohun tí ì bá kọ sílẹ̀ ni pé ọkọ̀ ti mọ́ wọn lára. Àwọn tó ní ìwé ogún ọdún lọ́wọ́ ló mọ̀ pé ohun mìíràn lè wà ńbẹ̀: àwọn tí ara wọn kò gba ọkọ̀ ti kó lọ, àwọn tó lè fara dà á ló kù. Ìjọba ibẹ̀ gba àlàyé náà, wọ́n sì dá ìwé àṣẹ méjì padà sí ẹyọ kan lọ́dún náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ọkọ̀ àwọn olùwádìí fúnra wọn wà nínú ìṣirò ohun tó ń da àwọn ẹran náà láàmú. Ẹ má rò pé ọkọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í pariwo.

Ẹ fi ojú inú wo ilé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lọ ata àti ẹ̀gbo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ ó bá ìyá kan níwájú ilé náà tó ń fọ́mọ lọ́mú, tó tún rẹ́rìn-ín kí yín. Ẹ ò lè torí ìyẹn sọ pé ariwo ẹ̀rọ kò dí ọmọ náà lọ́wọ́ oorun. Ó lè jẹ́ pé kò sí owó ilé mìíràn ni, tàbí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ọjà rẹ̀. Àwọn tó rọ́wọ́ mú ti kó kúrò tipẹ́, ẹ ò sì lè bá wọn pàdé níbẹ̀ láti bi wọ́n.

Ti àbùùbùtán tiwa yìí tún le ju ti dọ́lífìnì lọ, torí ohun tí wọ́n bá wá. Òkun oníyìnyín tó wà nísàlẹ̀ ayé ni oúnjẹ wọn wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ edé kéékèèké tí kò lóǹkà láti nǹkan bíi December, títí ọ̀rá á fi bò wọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gba òkè bọ̀ síbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n lè gùn, kí wọ́n sì bímọ. Abiyamọ tí ẹ ń rí nítòsí Kútọnù ní August kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ nǹkan kan láti ìgbà tó ti kúrò lọ́hùn-ún. Inú ọ̀rá ara rẹ̀ ló ti ń mú agbára tó fi ń wẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe ọmú fún ọmọ tí gígùn rẹ̀ ti lé ní mítà mẹ́rin lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Kò sí oko lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tó gbé wá nílé ló gbọ́dọ̀ tó òun àti ọmọ dé ilé padà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá mú un dìde níbi tó ti ń sinmi, inú ọmú ọmọ ni ìnáwó náà ti ń jáde. Ìsinmi yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ máa wọ̀n.

Ohun tó sì ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ìyá àti ọmọ gan-an ni àwọn èrò ọkọ̀ fẹ́ rí jù, torí wọn kì í yára, wọn kì í jìnnà sí òkè omi, fọ́tò wọn sì máa ń dára. Ẹni tó yẹ kí a fi sílẹ̀ jù ni wọ́n ń sanwó láti sún mọ́ jù.

Kate Sprogis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Exmouth Gulf, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà kan náà, lára àwọn abiyamọ àbùùbùtán abuké tó ń sinmi. Ní 2020 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde sábẹ́ omi ní nǹkan bíi 100 mítà sí ìyá àti ọmọ, wọ́n wá ń gbé ariwo ọkọ̀ jáde nínú rẹ̀, nígbà mìíràn rọra, nígbà mìíràn gidigidi. Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, ìyá kò yí padà. Nígbà tó dé 172 decibel (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo), ìsinmi ìyá dín kù ní ìdá 30 nínú 100, mímí rẹ̀ di ìlọ́po méjì, eré tó ń wẹ̀ fi ìdá 37 nínú 100 lé sí i. (Ẹ má fi decibel abẹ́ omi wé ti inú afẹ́fẹ́ o, ìwọ̀n wọn yàtọ̀.) Ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé, 100 mítà kan náà tí òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fàyè gbà. Àbá tí wọ́n mú wá ni pé kí ariwo ọkọ̀ afẹ́ má kọjá 150 decibel.

Fún iṣẹ́ yín, ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tí ẹ máa gbé sẹ́yìn ọkọ̀ kejì lè ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe jìnnà tó. Ẹ́ńjìnnì àlòkù tí wọ́n ń tà ní pọ̀ọ́kú, tó ń gbọ̀n, tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ létí, òun ni mi ò ní fẹ́ kí ẹ rà. Bákan náà, fífa jíà wọlé, fífà á jáde léraléra nítòsí wọn máa ń fọ́n ariwo kíkan jáde nínú omi. Ó sàn kí ẹ rọra tẹ̀ é wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tí ojú ò rí. Fún èyí, mo fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ Doubtful Sound ní New Zealand. Òkè gíga ló yí omi náà ká, òkun sì wọnú rẹ̀ lọ jìnnà. Àwọn dọ́lífìnì tó ń gbé ibẹ̀ kò pé ọgọ́rin. David Lusseau ló lọ jókòó tì wọ́n. Ohun tó ṣe kò ṣòro láti lóye: ní àárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí ara wọn, ó máa ń kọ ohun tí agbo náà ń ṣe sílẹ̀. Ṣé wọ́n ń sinmi ni, àbí wọ́n ń jẹun, àbí wọ́n ń bá ara wọn ṣeré, àbí wọ́n ń rìn lọ? Ó tún ń kọ ọ́ bóyá ọkọ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí ìwé bá ti pọ̀, èèyàn lè ṣírò rẹ̀: nínú ìgbà 100 tí wọ́n ń sinmi tí ọkọ̀ kò dé, ìgbà mélòó ni wọ́n ń bá ìsinmi lọ? Bí ọkọ̀ bá dé ńkọ́? Ó rí i pé ìsinmi àti eré ni ọkọ̀ ń dí lọ́wọ́ jù. Nígbà tó fi wọ́n wé àwọn dọ́lífìnì Milford Sound tó wà nítòsí, ó tún rí i pé bí àárín ọkọ̀ tó lọ àti ọkọ̀ tó dé kò bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 68, àwọn dọ́lífìnì kì í kàn yẹra fún ọkọ̀ mọ́, agbègbè náà gan-an ni wọ́n ń fi sílẹ̀.

Ẹ wo irú ohun tí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ẹni tó ń ṣe òwò. Kò sọ pé kí ọkọ̀ má lọ. Ó ń sọ àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì. Ní 2008, wọ́n ya àwọn etí omi kan sọ́tọ̀ ní Doubtful Sound, tí àwọn ọlọ́kọ̀ afẹ́ fẹnu kò pé àwọn kò ní máa wọ̀, kí dọ́lífìnì lè ríbi sinmi.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ìtàn náà ní àbọ̀. Láti 2002 ni àwọn ọmọ dọ́lífìnì ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣáájú ìgbà náà, nínú ọmọ 100, nǹkan bí 86 ló ń pé ọdún kan. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò tó 40. Ojú ọkọ̀ afẹ́ ni gbogbo èèyàn ì bá kọ́kọ́ wò. Àwọn olùwádìí tó gbé e yẹ̀ wò tọ́ka sí ohun mìíràn: ibùdó iná mànàmáná Manapōuri, tó ń da omi adágún sínú Doubtful Sound, ṣí ihò kejì lọ́dún 2002 gan-an, omi tútù tí kò níyọ̀ sì pọ̀ sí i níbi tí àwọn ọmọ náà ń gbé. Bí àyẹ̀wò yín kò bá wo ohun tó kù lágbègbè, ẹ lè jẹ̀bi ohun tí ẹ ò ṣe, ẹ sì lè fi ohun tí ẹlòmíì ṣe bo èyí tí ẹ ṣe mọ́lẹ̀. Ní Kútọnù, ọkọ̀ ńláńlá ń wọ èbúté, wọ́n ń jáde, tọ̀sán-tòru. Àwọn apẹja ń na àwọ̀n. Ní òkun Gíní lápapọ̀, àwọn tó ń wá epo rọ̀bì máa ń yin ìbúgbàù afẹ́fẹ́ sínú omi láti fi wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ló yẹ kó wọ ìwé yín, kí ariwo tiyín tó wọ̀ ọ́.

Ohun tí ẹ̀yin náà lè ṣe láìní yunifásítì lẹ́yìn nìyí. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle, kí ẹnì kan nínú ọkọ̀ má ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó máa kọ ọ́. Kó kọ àkókò tí ẹ kúrò ní etíkun àti ọ̀nà tí ẹ gbà, títí kan ọjọ́ tí ẹ ò rí ẹran kankan. Ọjọ́ òfìfo yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí bí ọjọ́ òfìfo bá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ fi mọ̀ pé wọ́n ń lọ. Bí ẹ bá rí èéfín omi tí wọ́n ń mí jáde lókèèrè, ẹ dúró ní nǹkan bíi kìlómítà kan, kí ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀ kí ẹ tó sún mọ́ ọn rárá. Àwọn èrò á kùn, ẹ fi ìṣẹ́jú náà sọ ìtàn ẹran náà fún wọn. Ẹ kọ ohun tó ń ṣe, ẹ kọ àkókò tó fi mí àti àkókò tó tún mí. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ wà nítòsí, kí ẹ tún ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá padà sẹ́yìn. Bí ó bá ń mí léraléra ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ó bá yí ọ̀nà padà, bí ìyá bá ń fi ara rẹ̀ sí àárín ọkọ̀ àti ọmọ, ẹ̀yin lẹ ti dé ibi tí kò yẹ kí ẹ dé. Ọmọ kì í lè pẹ́ tó ìyá lábẹ́ omi. Nítorí náà, iye ìgbà tí ọmọ ń gòkè wá mí, tí ìyá sì ń bá a gòkè, sọ ohun púpọ̀.

Bí ó bá na ìrù sókè láti rì, ẹ ya abẹ́ ìrù náà ní fọ́tò. Dúdú àti funfun ibẹ̀ kò bára mu láàárín méjì nínú wọn, bí ìka ọwọ́ tiwa. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojúlé Happywhale máa ń fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wé ti àwọn ará ibòmíì. Ibẹ̀ lẹ ti lè mọ̀ bóyá ẹran tí ẹ rí lọ́jọ́ Monday ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Friday, àti bóyá ó padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ẹ tún nílò ọjọ́ tí ẹ ò lọ. Láìsí ìyẹn, kí lẹ fẹ́ fi ohun tí ẹ rí wé? Ẹ mú ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ìbò mú un. Ẹ má fi ọjọ́ tí òkun ń ru ṣe ọjọ́ ìsinmi yín, torí nígbà náà, ọjọ́ tí ọkọ̀ wà àti ọjọ́ tí kò sí á ti yàtọ̀ ní ojú ọjọ́, ìfiwéra náà á sì bàjẹ́. Ní ilẹ̀ olókè, èèyàn lè gbé ẹ̀rọ awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn awọnlẹ̀ ń lò sórí òkè etíkun, kó máa wo ẹran àti ọkọ̀ láìsí lójú omi. Etíkun tiwa tẹ́ bí ẹní. Òkè ilé gíga kan létí òkun lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù fún yín ni makirofóònù abẹ́ omi tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Akọ àbùùbùtán abuké máa ń kọrin ní àsìkò yìí, orin gígùn tó ń dún jìnnà. Ẹ̀rọ náà á gba orin wọn sílẹ̀, á gba ariwo ọkọ̀ yín àti ti gbogbo ọkọ̀ èbúté sílẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ lọ àti lọ́jọ́ tí ẹ ò lọ. Ẹ lè bi àwọn ará Nature Tropicale ní Kútọnù léèrè ọ̀nà. Àwọn náà ti ń gbé èèyàn lọ wo àbùùbùtán tipẹ́, ọ̀rọ̀ ààbò ẹran òkun sì ni iṣẹ́ wọn.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ jìnnà kí ẹ tó wọ̀n. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ọkọ̀ kékeré kan la fi ń tẹ̀lé àwọn dọ́lífìnì láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ afẹ́ ń dà wọ́n láàmú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ kí a tó rí i pé bí a bá ti dé, wọ́n ti yí padà kí ọkọ̀ afẹ́ tó yọjú. Ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà kò wúlò fún nǹkan kan. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe nítorí ìwé nìkan, nítorí àwa ni a lọ dí wọn lọ́wọ́ ní gbogbo àárọ̀ yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ líle dẹ́rù bà yín pé gbogbo ìdíwọ́ ló ń pa ẹran. Ní Faxaflói, ní Iceland, Fredrik Christiansen àti Lusseau kan náà yẹ irú àbùùbùtán kékeré kan wò, èyí tí wọ́n ń pè ní minke. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lọ́dọ̀ wọn, jíjẹun wọn ń dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò iye àkókò tí ẹran kan ń lò lọ́dọ̀ ọkọ̀ ní gbogbo àsìkò náà, ó kéré débi pé wọn ò rí ipa rẹ̀ lára ọmọ inú. Ní etíkun New England ní Amẹ́ríkà náà, níbi tí ọkọ̀ afẹ́ ti ń tẹ̀lé àbùùbùtán abuké fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 kò rí i pé ọkọ̀ dín ọmọ bíbí kù, tàbí pé ó mú kí ọmọ máa kú. Ibi ìjẹun ni ibi méjèèjì, ibi ìbímọ ni tiwa, n kò sì ní gbé àbájáde ọ̀hún wá síhìn-ín bí ẹni gbé ẹrù. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé iye ìgbà ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá kan tí ọkọ̀ bá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ àti èyí tí ọkọ̀ bá ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́ kò sí nínú ìwé kan náà.

Bay of Islands ní New Zealand ni ibi tí mo ti rí bí iye ìgbà ṣe ń gorí ara wọn. Àwọn dọ́lífìnì tó ń lo ibẹ̀ lé ní igba ní àwọn ọdún 1990. Ọkọ̀ afẹ́ wà, ọkọ̀ àdáni wà, àwọn tó ń bá wọn wẹ̀ wà, kálukú ló sì ń sọ pé tòun kò pọ̀. Nígbà tí ìjọba máa fi sọ ibẹ̀ di ibi ààbò ní òpin 2021, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ló kù tó ń wá déédéé, ìdá 75 nínú 100 ọmọ wọn sì ń kú. Kò sí ọkọ̀ kan tí wọ́n lè nawọ́ sí pé òun ló ṣe é.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé àwọn àbùùbùtán abuké ń pọ̀ sí i, nítorí náà kò sí wàhálà. Òótọ́ ni pé wọ́n ń pọ̀ ní apá kejì òkun yìí, ní etíkun Bràsílì. Ní Bahia, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lọ, lábẹ́ ìjọba Pọtogí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kọ̀ pa àbùùbùtán láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1600, àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ló sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Ohun tí àwọn baba wa pè ní àbùùbùtán, tí wọ́n rò pé èèyàn á bù, á bù, kò ní tán, àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá bù ú títí ó fi ku nǹkan bí 450 ní ìhà Bràsílì ní àwọn ọdún 1950. Ní 1986 ni ìdádúró pípa gbogbo irú àbùùbùtán láti fi ṣòwò bẹ̀rẹ̀ káàkiri ayé. Ìṣirò tó jáde ní 2019 fi wọ́n sí nǹkan bí 25,000. Ìdùnnú ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹran tó ń padà bọ̀ látinú ìparun lè máa pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń pa á lára lọ́wọ́. Iye tó ń gòkè kò lè sọ fún yín bí ì bá ti gòkè tó ká ní ọkọ̀ kò sí, àwọn tó wà lọ́hùn-ún kì í sì í ṣe àwọn tó ń bímọ lọ́dọ̀ wa.

Bràsílì náà lẹ ti lè yá òfin tó ṣe é lò. Láti 1996, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú jíà kò gbọdọ̀ sún mọ́ àbùùbùtán ju 100 mítà lọ, kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, bí ọkọ̀ méjì bá sì ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹlòmíì kò gbọdọ̀ lọ. Fún ìyá àti ọmọ, èmi á fi kún un: 300 mítà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkọ̀ kan lóòjọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bọ́ sómi. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ má ṣe gé e níwájú, ẹ má ṣe lé e lẹ́yìn. Bí ó bá fúnra rẹ̀ wá bá yín, ẹ fi jíà sí òfìfo, kí ẹ dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín.

Lórí epo tí ẹ ń jó, ẹ kọ iye lítà sínú ìwé ní ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan, ó tó. Ní ti kí ọkọ̀ má kọ lu ẹran náà, eré yín ló ṣe pàtàkì: bí ẹ bá ti wọ agbègbè tí ẹ ti mọ̀ pé wọ́n wà, ẹ dín in kù, kí ẹnì kan dúró níwájú ọkọ̀ láti máa wò.

Nínú ìwé tí ẹ máa mú lọ bá àwọn ayánilówó, ẹ kọ òótọ́ sí ojú ewé kìíní: pé ọkọ̀ yín ti ń lọ fún ọdún méjì, ẹ ò sì ní àkọsílẹ̀ ìgbà tí kò tíì lọ. Kò sí ọ̀nà láti padà lọ mú un. Ohun tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ ni àsìkò kan gbáko tí ẹ ó fi ọkọ̀ kan péré ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi méjì lọ́sẹ̀ àti ìwé tí mo ṣàpèjúwe yìí. Ẹ ní kí wọ́n dá owó ọkọ̀ kejì dúró di ìgbà tí ìwé náà bá jáde, kí wọ́n kọ́kọ́ yá yín ti makirofóònù abẹ́ omi àti ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́. Kí ẹ sì kó àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù jọ kí wọ́n tó pọ̀, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye ọkọ̀ tó lè jáde lóòjọ́, kí ẹ gbé e lọ fún àwọn aláṣẹ kó di ìwé àṣẹ. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ti yá owó ra ọkọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbà láti dín in kù.

Bí August bá dé, ẹ fi ojú ewé oṣù kìíní ránṣẹ́ sí mi bó ṣe rí, kódà bí omi òkun bá ti ta sí i lára. A ó jọ kà á.